Séráámíìkì tuntun lára mọ́tò, òjò sì ti rọ̀ lé e

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo gba Camry mi lọ́wọ́ àwọn tó bá mi fi séráámíìkì sí i, èròjà olómi tí wọ́n ń pa sórí ọ̀dà mọ́tò kó lè dáàbò bò ó. Dúdú ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀ ni, kò tíì pẹ́ tó dé ọwọ́ mi. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní n má fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ìkòròdú ni mò ń gbé, gbangba ìta ni mọ́tò ń sùn, torí kò sí gáréèjì nínú ọgbà wa. Ìdájí Sọ́ńdè ni òjò dé. Nígbà tó dá, oòrùn yọ, ó sì mú gan-an. Ìgbà tí màá fi jáde, àmì funfun róbótó-róbótó ti wà káàkiri bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé.

Mo pe ẹni tó ṣe é, ó ní kí n gbé e wá kí òun tún un ṣe, ṣùgbọ́n owó mìíràn ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Òmíràn ní kí n gbé e sójú oòrùn kó lè jinná dáadáa. Ìyàwó mi ní kí n ra tàpólì bò ó. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀? Àbí owó mi ti wọgbó nìyẹn?

*

Owó yín ò tíì wọgbó. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ kankan kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ káwọ́ọ̀ṣì kankan gbé fóòmù débẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nìyí. Ẹ gbé mọ́tò síbi tí òjìji bá wà, kí ẹ dúró títí ara irin rẹ̀ yóò fi tutù. Ẹ wá omi tó ń kán láti ẹ̀yìn AC sínú ike tó mọ́. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá, kò bá ilẹ̀ pàdé, nítorí náà kò ní ẹfun tàbí ìpẹtà kankan nínú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, torí eruku máa ń bá a wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò ki aṣọ microfibre tó rọ̀ bọ inú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ lé orí àmì náà bó ṣe rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá gbé e kúrò sókè. Ẹ ò ní fà á, ẹ ò ní ra á. Ẹ mú aṣọ gbígbẹ mìíràn, kí ẹ fi tẹ ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó fa omi tó kù. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, níbi tí ojú kì í tètè tó.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá bá aṣọ lọ, a jẹ́ pé orí ni wọ́n wà, wọn ò wọlé. Èyí tí kò bá lọ, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi pé. Ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí.

*

Mo ti ka èsì àwọn èèyàn tó kù, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní oòrùn ló ń se séráámíìkì jinná, kí ẹ gbé mọ́tò síta kó yan. Àwọn kan ní ọ̀tá rẹ̀ ni ohunkóhun tó bá ti ní omi nínú, títí kan afẹ́fẹ́ Èkó tí ọ̀rinrin kì í wọ́n lára rẹ̀. Mi ò lè bá ẹgbẹ́ kankan lọ tán nínú méjèèjì.

Ohun tó wà nínú ìgò kékeré tí séráámíìkì máa ń wà ni èròjà kan tó ní sílíkọ́ọ̀nù nínú, tí wọ́n pò mọ́ kẹ́míkà tó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ bíi tíńà. Bí wọ́n bá ti fi pa ara mọ́tò, èyí tó jọ tíńà yẹn á fẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó kù á wá máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọ̀rinrin yẹn ló ń jẹ́ kí èròjà náà so mọ́ ara wọn, kí wọ́n sì di ọ̀dà mú, títí tí yóò fi le gbagidi. Nítorí náà afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin kọ́ ni ọ̀tá, òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́. Ooru kàn ń mú iṣẹ́ náà yá ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní irinṣẹ́ fi ń tan iná infrared sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán: ohun tí ì bá gba ọ̀pọ̀ wákàtí á wá yá.

Àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí omi tó jókòó pa sójú kan. Ọ̀rinrin ń kan gbogbo ara rẹ̀ dọ́gba. Omi tó jókòó, ibi tó wà nìkan ló ń bá jà, ìdọ̀tí tó sì gbé wá, ibẹ̀ náà ló ń já a sí. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú séráámíìkì ṣì rọ̀, àmì yẹn lè wọ inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wákàtí 12 sí 24 àkọ́kọ́ ni omi kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, bí omi bá kàn án tí ẹ tètè gbà á kúrò, kò burú. Ọṣẹ ni kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Kó tó le débi tí ó lè le dé pátápátá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ìwé inú páálí ọjà tí wọ́n lò fún yín ló ní àṣẹ ju ẹnu èmi lọ, torí ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe é fún yín ní orúkọ ọjà náà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan fún yín.

Ní ti oòrùn: bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò dúdú lọ́sàn-án gangan, àtẹ́lẹwọ́ kì í lè dúró lé e. Bí wọ́n bá pa séráámíìkì sórí irú irin bẹ́ẹ̀, á ti gan kí ẹni tó ń pa á tó rí i nù dọ́gba, ibi tó bá ki jù á wá máa hàn bí àbàwọ́n òróró tí ẹ bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, kí mọ́tò wà nínú oòrùn kò ní kó ṣàìsàn. Àmọ́ oòrùn kì í pa àmì omi rẹ́. Ṣe ló ń yan án mọ́ ibẹ̀.

*

"Omi òjò ni o, kì í ṣe omi bọ́họ̀ọ̀. Kí lẹ ń bẹ̀rù?"

Ẹni tó kọ èyí sọ òótọ́, mo sì fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Òjò kò gba inú òkúta àti ilẹ̀ kọjá, kò kó kálísíọ́ọ̀mù, mágínísíọ́ọ̀mù tàbí ìpẹtà irin púpọ̀. Ohun tó ń gbé wá kò ju eruku, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀, àti ìdọ̀tí tó ti wà lára mọ́tò tẹ́lẹ̀. Àmì tí irú èyí bá fi sílẹ̀ sábà máa ń bá omi tó mọ́ lọ. Èyí ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí Camry yín.

Omi bọ́họ̀ọ̀ ni kí ẹ máa sá fún. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù tí a fi ń se omi, òun náà ló ń gbẹ sára mọ́tò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, omi bọ́họ̀ọ̀ tún ní irin nínú: bó bá ti sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú, àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n. Èyí tó pọ́n yẹn, bó bá gbẹ sára mọ́tò funfun, ẹ óò rí i láti ẹ̀yìn ọgbà.

Ohun tí mo di mú nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bá mi jiyàn: lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, omi tó ń ṣàn kọjá kì í ṣe séráámíìkì ní nǹkan kan. Omi tó bá gbẹ sórí rẹ̀ ló ń bà á jẹ́, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ì báà jẹ́ lọ́dún kejì.

Àwọn èèyàn máa ń fi fóònù ya bí omi ṣe ń dì róbótó lára mọ́tò wọn, wọ́n á ní ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oòrùn kan àwọn róbótó yẹn. Omi tí ì bá tẹ́ pẹrẹsẹ ti kó gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo, bó bá sì ti gbẹ, òrùka kan ló fi sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mọ́tò tó ní séráámíìkì tó ń sùn níta fi lè ní àmì omi ju èyí tí kò ní lọ, bí olówó rẹ̀ kò bá nù ún.

Jíìpù kan wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Olówó rẹ̀ ní séráámíìkì tí wọ́n fi sí i ti kú, nígbà tí ọdún ò tíì yí po. Mo béèrè ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Máígáàdì ni, láràárọ̀ ni, omi bọ́họ̀ọ̀ ni, kò sì sí aṣọ ìnumi kankan, oòrùn ló ń bá a gbẹ ẹ́. Nígbà tí mo fi ìka rá òrùlé rẹ̀, ó ń ta mí lọ́wọ́ bí ìgbà tí iyọ̀ bá gbẹ sí nǹkan. Omi tí mo dà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò dì, ṣe ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ. A fi fínígà tí a là yọ ẹfun yẹn kúrò. Bí a ti ṣan án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà lára ilẹ̀kùn àti búùtù. Séráámíìkì wà níbẹ̀, ẹfun ló bò ó mọ́lẹ̀. Orí òrùlé nìkan ni kò jí padà, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń bá omi gan jù. Ẹ má tètè sin séráámíìkì yín kí ẹ tó fọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ tàpólì. Ẹ bá mi bẹ màdáámù nílé, èrò rere ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹ má bò ó.

Eruku ti wà lára mọ́tò kí ẹ tó bò ó. Bí atẹ́gùn bá ti gbá tàpólì yẹn sókè sódò, á máa fi eruku ọ̀hún họ ojú séráámíìkì tí kò tíì le. Lóru, ọ̀rinrin á sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kò ní ríbi jáde, á sì wá di omi tó jókòó tí mo ń wí yẹn. Aṣọ ìbomọ́tò tó rọ̀ nínú dáa ju tàpólì lọ, àmọ́ kó tó pé oṣù kan, èmi kò ní fi í bo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àfi tó bá jẹ́ pé inú ilé tí eruku ò dé ni mọ́tò wà.

Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta dá a lábàá pé kí ẹ ṣe àtíbàbà. Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí. Òpó mẹ́rin, páànù lókè, kó má fara kan mọ́tò níbì kankan. Tàpólì yín náà wúlò níbẹ̀, bí ẹ bá na án sókè kó le dáadáa. Ẹni tí kò bá láyè àtíbàbà, kó tọrọ ibùsùn fún mọ́tò rẹ̀ lọ́dọ̀ ará àdúgbò tó ní gáréèjì, fún òru méjì àkọ́kọ́ péré. Kí a tó san owó ni kí a ti ṣètò ìyẹn, kì í ṣe nígbà tí òjò bá ṣú.

*

Ẹni tó béèrè bóyá kí a fín séráámíìkì olómi, èyí tó wà nínú ike ìfín, lé e lórí lójú ẹsẹ̀: iyàn lèyí láàárín àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pàápàá. Àwọn kan ní bí wákàtí kan bá ti kọjá, kí ẹ fín in, kó lè máa bá èyí tó wà nísàlẹ̀ jìyà omi. Àwọn kan ní àfi lẹ́yìn oṣù kan, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi kàn án.

Ilé iṣẹ́ kan wà tó ṣe èyí tí wọ́n ń fín ní pàtó fún wákàtí àkọ́kọ́ yẹn. Bí ìwé wọn bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é, pàápàá lásìkò òjò, torí ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ gan-an. Bí ìwé wọn kò bá sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan pé. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n fi ọjà ilé iṣẹ́ kan pa á, kí n wá fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn bò ó nígbà tí kò tíì le. Pólíìṣì tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì ńkọ́? Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tó ń họ nǹkan nínú, ohun tí ẹ sanwó fún ni wọ́n máa họ kúrò.

*

"Ẹ jọ̀ọ́, páńẹ́ẹ̀lì bítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi kun ilẹ̀kùn méjì ni. Ṣé mo lè fi séráámíìkì sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ẹ má ṣe é. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè.

Ọ̀dà ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, inú ààrò ni wọ́n ti yan án, nǹkan bí 140 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti gbẹ dé inú kí mọ́tò tó kúrò níbẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ títì wa, afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ á gbẹ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n tíńà ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá fi séráámíìkì dí i lójú, tíńà yẹn á há, ọ̀dà lè ṣú, ó lè wú, ó sì lè má dì mọ́ irin dáadáa. Oṣù kan ló kéré jù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀dà tiẹ̀ máa ń sọ pé kó tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi imú sún mọ́ ilẹ̀kùn náà lọ́sàn-án tí oòrùn bá pa á. Bí ẹ bá ṣì ń gbóòórùn tíńà, kò tíì yá.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Mọ́tò tó dé láti Kútọnu tàbí Tincan tó ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, a lè ti kun apá kan rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti fi bo ìjàǹbá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírọ́ọ̀nù, ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló sì wà nínú mílímítà kan. Bí ilẹ̀kùn kan bá ju 400 lọ nígbà tí èkejì rẹ̀ jẹ́ 120, wọ́n ti kun ibẹ̀, ó sì lè ní fílà nínú, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe séráámíìkì yín wọ̀n ọ́n lójú yín kó tó ṣí ìgò.

*

Ẹni tó ní kí lòun ń bẹ̀rù, pé "9H" ni wọ́n kọ sára tòun, òkúta pàápàá ò lè họ ọ́. Ẹ má bínú, wọ́n ṣì yín lọ́nà. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń wọn 9H. Wọ́n ń gbẹ́ oríṣiríṣi pẹ́ńsù, láti èyí tó rọ̀ dé èyí tó le, wọ́n á máa tì í lórí nǹkan náà, 9H sì ni pẹ́ńsù tó le jù nínú àwọn tí wọ́n sábà ń lò. Ohun tó ń sọ ni pé pẹ́ńsù yẹn kò họ ọ́. Yanrìn le ju pẹ́ńsù lọ fíìfíì.

Ẹ sì wo bó ṣe tín-ín-rín tó. Máíkírọ́ọ̀nù kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ séráámíìkì, irun orí èèyàn nípọn tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kò lè gba ọ̀kadà tó fi ọwọ́ ìdarí rẹ̀ họ yín, kò lè gba òkúta tí táyà tírélà ta. Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, tó ń tó 150 sí 200 máíkírọ́ọ̀nù, ló ń gba irú ìyẹn, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ dáadáa. Iṣẹ́ séráámíìkì ni kí ìdọ̀tí má rọ́wọ́ mú, kí oòrùn má tètè pa ọ̀dà, kí fífọ̀ rọrùn. Ìyẹn pọ̀ tó, kò yẹ kí wọ́n máa parọ́ mọ́ ọn.

*

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe omi AC. Ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ tán. Ti òrùlé ṣì ku díẹ̀, àwọn tó sún mọ́ gíláàsì iwájú. Ṣé kí n lo fínígà tí ẹ dárúkọ? Ẹni tó ṣe é sì ń bínú pé mo ń gba ìmọ̀ràn káàkiri."

Inú mi dùn. Ẹ má tíì lo fínígà. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 7 pé.

Bó bá pé, ẹ fọ mọ́tò ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì la fínígà funfun pẹ̀lú omi AC, ìdajì sí ìdajì. Fínígà tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń ní ásíìdì ìdá 5 nínú 100, a mọ bó ṣe lágbára tó. Èyí ló fi sàn ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ: ti ọsàn, ẹnì kankan ò mọ bí ó ṣe kan tó, ó tún ń fi ṣúgà àti pàǹtí sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ lé àmì náà bí ìṣẹ́jú kan, kó má gbẹ síbẹ̀, kí ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ nù ún gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì tan iná fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òrùka náà bá ṣì wà, tó dà bí ẹni pé ó jìn díẹ̀, ó ti jẹ inú. Ìyẹn, omi kankan ò lè yọ ọ́. Wọ́n máa fi ẹ̀rọ pólíìṣì ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, séráámíìkì ibẹ̀ á bá a lọ, wọ́n á sì tún òrùlé nìkan pa. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kan búùtù. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó gbogbo mọ́tò fún òrùlé kan ń fẹ́ owó yín ni.

Ta ló wá yẹ kó san ti òrùlé? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ṣe é ni. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ séráámíìkì lásìkò òjò gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí mọ́tò máa sùn kó tó gba owó. Bí oníbàárà bá ní ìta ni, kó jẹ́ kí mọ́tò sùn ní ṣọ́ọ̀bù òun di ọjọ́ kejì, tàbí kó ní kí ó padà wá lákòókò mìíràn. Láti gbé mọ́tò tútù fún èèyàn nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré, "ẹ má fọ̀ ọ́", kò tó. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ní mo ń ba ọjà jẹ́. Oníbàárà tí a kò sọ òtítọ́ fún ló ń ba ọjà jẹ́. Ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ ní kí ẹ jọ pín in: kó mú èròjà wá, kí ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà.

*

Fífọ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Mi ò ní pẹ́ níbí, torí ẹ ti jiyàn rẹ̀ tó.

Ọṣẹ ìfọṣọ, tí wọ́n ń pò sínú dúrọ́ọ̀mù ní káwọ́ọ̀ṣì, kò bá a mu. Ó wà fún òróró aṣọ, ó sì le jù fún ara mọ́tò. Ṣàǹpú mọ́tò tí kò kan, tí kò sì ta, ni kí ẹ rà. Ìgò kan ń pẹ́, torí díẹ̀ ni wọ́n ń là. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni: ọ̀kan ọlọ́ṣẹ, ọ̀kan omi lásán tí ẹ óò máa fi ṣan aṣọ kí ó tó padà sínú ọṣẹ.

Ẹni tí kò bá ráyè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó gbé aṣọ àti ṣàǹpú tirẹ̀ lọ sí káwọ́ọ̀ṣì. Fóòmù tí wọ́n ń lò níbẹ̀, òun náà ló fọ táyà kórópe tó kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Bí ẹ bá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ wọn ní iyì, tí ẹ sì fún wọn ní nǹkan lé owó iṣẹ́, wọ́n á ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́. Mo ti rí i. Ẹnu ìpàṣẹ ni kì í ṣiṣẹ́.

*

"Ẹyẹ ńkọ́? Abẹ́ igi fúrúùtù ni mo ń páàkì, àdán ò jẹ́ kí n gbádùn."

Ìgbẹ́ ẹyẹ nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó ní ásíìdì nínú, ó sì máa ń le bó bá gbẹ, oòrùn á wá mú un jẹ ọ̀dà láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ keje. Ẹ fi ike ìfín kékeré kan sínú mọ́tò, omi AC nínú rẹ̀, àti aṣọ kan. Ẹ fín in kó rin, ẹ tẹ́ aṣọ lé e kó rọ̀, ẹ gbé e kúrò. Ti àdán náà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, pàápàá èyí tó bá ní àwọ̀ èso nínú. Oje máńgòrò pẹ̀lú. Àmọ́ ẹni tó bá lè kúrò lábẹ́ igi, kó kúrò fún oṣù yìí.

*

Ìbéèrè tó kù ni ti ọyẹ́, látọ̀dọ̀ ẹni tó ní oṣù Kejìlá lòun fẹ́ ṣe tòun kí òjò má bàa yọ òun lẹ́nu.

Ó mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun méjì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ọ̀rinrin tó ń mú séráámíìkì le kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó lè pẹ́ kó tó ṣeé nù, kó sì pẹ́ kó tó le. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ìkejì ni eruku. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, apá Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad sì wà lára ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì pa ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà.

Lẹ́yìn tó bá ti gbé e délé, láràárọ̀ ni eruku máa bò ó. Kó má ṣe fi dọ́sítà gbá a, kó má sì fi aṣọ gbígbẹ kàn án, torí yanrìn wà nínú eruku yẹn, ó ń họ ojú rẹ̀ ni. Kó fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí omi bá wọ́n, kó ra páǹpù àgbékọ́yìn tí àgbẹ̀ fi ń fín oko, èyí tó ń gba 16 lítà, kó fi omi tó mọ́ sínú rẹ̀ kó fi ṣan eruku wálẹ̀ láti òrùlé, kó tó fi aṣọ ọlọ́ṣẹ kàn án, kó sì nù ún gbẹ kí oòrùn tó ga. Tuntun ni kó rà o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi fín oògùn apakòrìko rí.